Orúkọ Kẹtàdínlógún

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Kò sẹ́ni tó ń lu agogo mọ́,
síbẹ̀ Alhaja Sáfúrátù Odùmósù ti dìde
bí ẹni pé ẹgbẹ̀ta ọmọ ń dúró dè é lórí ìlà.
Ó kírun tán, ó wọ bàtà rọ́bà,
ó mú ìgbálẹ̀, ó fi fèrè kọ́ ọrùn,
ó dojú kọ gọ́tà ẹ̀yìn ọjà ẹja.

Èmi tí mo ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́
máa ń rí i láti orí ọ̀sà:
ìborùn funfun, bí lékeléke kan
tí kò tẹ̀lé màlúù kankan.

Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà,
mọ́kànlá nínú rẹ̀ lórí àga pírínsípà.
Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri
àti fíríìjì kékeré kan tí kò tutù rí.
A ní, "Ẹ lọ sinmi, mà."
Ó ní, "Ṣé ẹ̀gbin náà ti fẹ̀yìn tì ni?"

Télọ̀ kan wà nítòsí ilé rẹ̀
tó kọ ọ́ sára pátákó pé A Ń RA AṢỌ.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì fi "n" kan há a láàárín.
Òjò fọ̀ ọ́. Ó padà wá fi ọ̀dà kọ ọ́.
Télọ̀ bínú títí; ó ní kí ló kan ìyá arúgbó?
"Rírán lo ń rán, o ò rà.
Ibí ni mo ń gbà kọjá lójoojúmọ́."

Ìyá Ganíyù elẹ́ja, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé,
kọ orúkọ ara rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ká bébà náà, ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró,
níbi tó ń so owó sí.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba ní kí àwọn tó fẹ̀yìn tì
wá fara hàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọn ò tí ì kú.
Ó wọ mọ́tò lóru lọ sí Ìkẹjà,
ó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ tapólì.
Ọmọdé kan ló ń pe orúkọ, ó ń pè é ní ìpèkúpè.
Ó nawọ́ sókè: "Mo wà ńbí, sà."
Ó sọ ọ́ fún mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

Rẹ́jísítà kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀,
ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan.
Kíláàsì wa ni, kó tó di pírínsípà.
Búlúù lẹni tó wá, pupa lẹni tí kò wá.
Lìásù ẹ̀gbọ́n mi ni orúkọ kẹtàdínlógún.
Ọ̀sà gbé e ní ọ̀sẹ̀ kẹta táàmù.
Tíṣà mìíràn ì bá fi rúlà fa ìlà sórí orúkọ náà.
Kò fà á.
Láràárọ̀ ló ń pè é, á dúró díẹ̀,
á sàmì pupa, á wá pe tèmi.

Owó ìfẹ̀yìntì tó kọ́kọ́ gbà
ló fi ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjìlá.
Ó kó o sínú ọkọ̀ mi. "Ọmọ iléèwé kankan
kò gbọdọ̀ tẹ ọkọ̀ yìí láìwọ̀ ọ́."
Títí dòní, ní ìrọ̀lẹ́, ó ń dúró ní èbúté, ó ń kà wọ́n.

Lánàá ó ka mọ́kànlá. Ó fọn fèrè.
Àyà mi já. Mo yíjú padà:
ọmọ kan ti sùn lọ sábẹ́ ìjókòó,
ó nawọ́ sókè, oorun ṣì wà lójú rẹ̀,
"Mo wà ńbí, mà."

Alhaja yọ báírò búlúù, ó sàmì.
Ó wá bi mí pé kí ló dé
tí bọ́tìnì ẹ̀wù mi kan fi já.